Afẹ́fẹ́ Di Ìwọ̀fà

Èmi ni akọ̀wé ìpàdé lọ́jọ́ náà ní Havrup,
abúlé etí òkun kan nílẹ̀ Dẹ́nmáàkì,
níbi tí igi gan-an ti ń tẹ̀ sápá kan
bí ẹni ń gbọ́ òfófó.
Gbọ̀ngàn ń rùn bí ẹ̀wù òtútù tí òjò pa,
kọfí ti tutù, àga kò tó,
òfin tuntun wà lórí tábìlì, ojú ewé mẹ́tàlélógún,
kò sẹ́ni tó kà á tán àfi èmi tí wọ́n ń sanwó fún.

Òfin ní ẹni bá fẹ́ ri òpó afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ wa
kò gbọdọ̀ dá èrè rẹ̀ jẹ.
Nínú ìpín márùn-ún, kó já ọ̀kan sílẹ̀
fún àwọn tí òjìji abẹ̀bẹ̀ yóò máa gba ojú fèrèsé wọn kọjá;
iye tó ná an ni kó tà á, kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ lé e.

Esben Tranholm dìde:
"Bàbá mi gbin pòtétò síbẹ̀, bàbá bàbá mi gbin pòtétò,
ta ló ní kí n wá máa kórè ariwo?"
Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n pàtẹ́wọ́.
Alága ní bí iye ilé rẹ̀ bá já wálẹ̀, òfin á san án padà.
Esben ní ṣé òfin á san oorun òun náà.
Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyẹn náà wà nínú ìwé mi.

Ìgbà náà ni Ragnhild Mølgaard nawọ́ sókè,
opó tí kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé.
"Afẹ́fẹ́ tí òfin yìí ń wí,
ṣé èyí tó dojú ọkọ̀ ọkọ mi dé ni,
tàbí ó tún ní òmíràn?"

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́.
Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé-iṣẹ́ òpó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀
bí ẹni pé ìdáhùn lè wà níbẹ̀.
"Ìyá," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "afẹ́fẹ́ kan náà ni."
"Ó dáa. Ó ti jẹ mí ní gbèsè láti ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ìpín mọ́kànlá."

Owó màlúù méjì ló fi san án.

Wọ́n dìbò. Mọ́kànlélógójì ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́tàdínlógójì ní rárá,
ẹnì kan yọ́ jáde lọ mu sìgá:
n kò ní dárúkọ rẹ̀, àna mi ni.

Ọdún kejì ni òpó mẹ́ta dúró lẹ́yìn oko Esben.
Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kò ṣeé dì mú;
wò ó lẹ́nu abẹ̀bẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ sin gbèsè.
Esben gba owó ilé, ó ra aṣọ fèrèsé tó ki,
síbẹ̀ ó ń bú òpó láràárọ̀.
N kò dá a lẹ́bi. Mo ti sun ilé rẹ̀ rí:
fùù, fùù, bí ẹni tí kò rántí ohun tó fẹ́ sọ.

Nínú oṣù keje, afẹ́fẹ́ kú. Òkun tẹ́ bí àwo.
Owó kò wọlé. Mo kí Ragnhild kú ìfaradà.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ìwọ̀fà wo ni kì í sá níṣẹ́?
Yóò padà wá. Mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ."

Ó padà wá lóòótọ́, lóru kan nínú oṣù kẹwàá, tìbínú-tìbínú.
Ó ṣí páànù kúrò lórí ilé Ragnhild,
ó jù ú sáàárín pòtétò Esben.
Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, òpó mẹ́ta yí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Esben ló fi katakata gbé páànù náà padà, kò wí nǹkan kan.
Owó afẹ́fẹ́ oṣù náà ni Ragnhild fi ra ìṣó, tó fi san káfíńtà.
Ó ku kúróònù mẹ́rìndínlógún.
Ó fi ra búrẹ́dì dúdú, ó bù ú sí méjì,
ó gbé apá kan lọ sétí òkun,
mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì.
Ìyẹn kì í ṣe ìpàdé. N kò kọ ọ́ sílẹ̀.